Yàrá Kejì Kì í Bẹ̀rẹ̀ Láti Òdo

…kí n kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan báyìí, ní igun ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kóòdù Tẹniọlá tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò wọlé sínú prógíráàmù wa nìyẹn, ní aago mẹ́rin, bí Juliana ọ̀gá wa ṣe wí: “Once Funsho ticks it, it goes in at four.” Funsho. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà ní ọ́fíìsì yìí ní Citywest, ní Dublin, wọn ò tíì pe Olúfúnṣọ́ kan kó tọ̀nà. Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo lè tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí kí n lọ po tíì mi.

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mọ kí ni? Pé mo rí i. Àṣìṣe kan wà nínú iṣẹ́ ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò rí i, òun gan-an tó ṣe é ò rí i, èmi rí i láàárọ̀ yìí kí n tó bọ́ kóòtù. Mo sì fẹ́ fọwọ́ sí i bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Ẹ̀hẹn. Mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi, ilé ò wó.

Ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn, láti inú kíṣìnnì ọ́fíìsì. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ni ilé. Láti àná tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un ni gbogbo wọn ti ń mu tíì ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n lè rí i bá dúró. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ débi pé àtẹ́lẹwọ́ ta mí. “Three years we've been putting up with that yoke,” bẹ́ẹ̀ ni Juliana wí, “and she sorts it in a week. Fair play to you, Tẹniọlá.” Ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́ta. Ó wo ojú mi nígbà tó sọ ọdún mẹ́ta… àbí kò wò mí? Bóyá fèrèsé ló ń wò.

Èmi ni mo mú un wá síbí. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Ìyá rẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi ní Mulhuddart: “Sister Fúnṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ó kàwé, iṣẹ́ ni ò sí.” Mo gba CV, mo tún un kọ, mo yọ àṣìṣe mọ́kànlá kúrò nínú rẹ̀, mo fi lé Juliana lọ́wọ́. Òjò o, òtútù o, èmi ni mò ń gbé e láràárọ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já a sílẹ̀ ní Lucan, kó má baà tún wọ bọ́ọ̀sì kejì. Á tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, “Ẹ káàárọ̀, Anti,” àwọn òyìnbó tó ń dúró de bọ́ọ̀sì á máa wò ó. Ìwà rẹ̀ dára. Ká ní ó ń rí mi fín ni, ǹ bá rí ibi gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́. Kò rí mi fín. Ó kàn… ó kàn gbọ́n.

Kì í ṣe owú o. Kí ni èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì fẹ́ máa jowú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí? Ẹ̀tọ́ mi ni mò ń wá. Juliana ní kí oṣù yìí tó parí òun máa yan ẹni tí yóò máa darí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Títí di àná, mo mọ ẹni náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Láti àná ni mi ò ti mọ̀ mọ́.

Kí ló tilẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀? Ìlà kóòdù mẹ́rin. Mẹ́rin péré. Àwọn oníṣirò ló ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí wa, ìwádìí lórí ìlera àwọn ọmọdé ilẹ̀ yìí, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yẹ ọmọ kan wò lórí ìlà tirẹ̀: ọjọ́ orí, ìwọ̀n, gíga, bóyá ó ní ásímà. Fáìlì yẹn kì í gbé nọ́ńbà ìlà wá. Prógíráàmù wa ló ń fún wọn ní nọ́ńbà bó ṣe ń kó wọn wọlé, láti òdo lọ sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, ńṣe ló máa ń to nọ́ńbà wọ̀nyẹn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òdo, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé orí mílíọ̀nù mẹ́fà, á wá ru gbogbo rẹ̀ sórí kiri bí aláàárù tí ẹnikẹ́ni ò pè. Bí a bá ṣí ogún fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Tẹniọlá ní kí la fẹ́ fi ẹrù yẹn ṣe? Kó rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó rántí ibi tó parí sí, kó mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́sẹ̀. Ó tán. Nọ́ńbà mẹ́ta dípò mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti àárín, kó ṣírò rẹ̀.

Ó dára. Ọlọ́run ń gbọ́, ó dára. Ó dára débi pé inú bí mi nígbà tí mo kà á.

Èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti rí i pé ẹrù yẹn ń pa wá lára. Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé, ní yàrá òkè yẹn, òjò ń rọ̀, mo sọ pé…

Mo sọ pé kí ni?

Mi ò sọ. Mo la ẹnu. Ìyẹn nìkan ni mo lè búra sí. Mo la ẹnu, ẹnìkan wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, Juliana sì yíjú sí mi, “Sorry, Funsho, were you going to say something?” Gbogbo ojú wá sórí mi. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi nínú orí mi kí n tó sọ ọ́, ó dún bíi ti ọmọ tí wọ́n ní kó wá ka Bíbélì níwájú ìjọ. Mo ní, “No, no, you're grand.” You're grand, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò séwu níbí. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n padà sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún Praise ọmọ mi nídìí ààrò, mo ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, kò sí ìkálòlò kankan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó wò mí, ó ní, “But why didn't you just say it, like?” Mo ní kó jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n fi kọ́ wa. Mo sì mọ̀ ọ́n kọ́ jù, mo gbà á bí ẹni gba oògùn. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílùú yìí, ẹni tó bá sọ pé nǹkan bàjẹ́, wọ́n á ní kó tún un ṣe, bí kò bá wá tún un ṣe dáadáa, òun ló bà á jẹ́ nìyẹn. Mo di ẹni tó ń panu mọ́. Mo pè é ní ọgbọ́n. Mo pè é ní sùúrù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì mo máa ń dúpẹ́ fún un.

Òun wá dìde láàárín ìpàdé kan náà, yàrá kan náà, bóyá àga kan náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá sọ pé, “This might be a bit mad, but…” Gbogbo wọn sì yíjú. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sílùú yìí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ara ẹni kí a tó sọ̀rọ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀ ní gbogbo àkókò tó ń sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó wí. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò.

Ó dáa. Owú ni. Mo ń jowú. Ó ń jẹ mí nínú láti àná, ó jẹ mí nígbà tí mo ń se ọbẹ̀, ó jẹ mí ní mọ́tò láàárọ̀ yìí nígbà tí ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo ń dáhùn “ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n” bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ohun tó wá burú jù ni pé mo mọ ibi tó ti rí i. Inú mọ́tò mi ló ti rí i. Oṣù tó kọjá, lójú ọ̀nà tó ti Lucan bọ̀, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀, mo ń sọ ìtàn ìyá àgbà fún un kó má baà sú wa. Bí ẹni tó ń ka èèyàn fún ìjọba ṣe dé agboolé wa láyé ọjọ́un pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó bi ìyá àgbà pé, “Ọmọ mélòó lẹ bí, Ma?” Ìyá àgbà ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kọ Àkànbí sílẹ̀, òun ló ṣíwájú. Kọ èyí tí mo pọ̀n yìí sílẹ̀, òun ló kẹ́yìn. Àwọn tó wà láàárín wà láàárín.” Tẹniọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, “Anti, that's gas. First and last. She didn't even need the list.” Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà mi ni. Ìyá àgbà mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní Citywest! Ọmọ yìí gbé e nínú mọ́tò mi, ó gbé e wọ inú kóòdù, kò sì dárúkọ mi… Ó yẹ kó dárúkọ mi. Àbí kí ni ì bá ti wí? “Ìyá ìyá Anti Fúnṣọ́ ló kọ́ mi”? Wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ì bá wí pé ó dójú tì mí.

Kí n sọ òótọ́ kan fún ara mi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi mọ̀ pé ẹrù wà. Mi ò mọ bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìtàn yẹn wà lọ́wọ́ mi láti kékeré, mo ń fi í pa èèyàn lẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ó wúlò fún nǹkan kan. Ojú kóòdù rẹ̀ ni mo ti rí i. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mọ̀ ọ́n lò. Kò jí i. Mo fún un. Mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún wakọ̀ fún un.

…aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mi ò tíì lọ po tíì. Bọ́tìnnì ṣì wà níbẹ̀.

Àṣìṣe náà. Fáìlì tó bá tóbi jù, a kì í kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ègé ègé ni, ọ̀kẹ́ márùn-ún ìlà lẹ́ẹ̀kan. Ti àtijọ́, bí ègé kìíní bá parí, ègé kejì á máa ka nọ́ńbà lọ láti ibẹ̀. Ti Tẹniọlá ń padà sí òdo. Ègé kejì, òdo. Ègé kẹta, òdo. Ọgọ́ta ègé, ọgọ́ta òdo. Kò rí i nítorí pé fáìlì tó fi dán an wò kò ju igba ìlà lọ, ègé kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì lọ geere. Lọ́la ni a máa so fáìlì tí àwọn dókítà kọ nípa àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn òbí wọn kọ, nọ́ńbà ìlà la ó sì fi so wọ́n. Ọmọ tó ń wú ikọ́ ní Tallaght á gba ìwọ̀n ọmọ tó ń ṣeré ní Donegal. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé àbọ̀ á jáde pẹ̀lú irọ́ nínú.

Mo ti wò ó tán bó ṣe máa rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnìkan á sọ pé iye yìí ò bára mu. Ojú Juliana á pọ́n. Wọ́n á máa wá a, wọ́n á máa wá a. Èmi á rọra fa àga mi súnmọ́ wọn, màá ní ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi á ní, “Ah. Here it is.” Mi ò ní sọ̀rọ̀ líle kankan sí ọmọ náà. Mo tilẹ̀ máa gbá a mọ́ra. Wọ́n á sì mọ ẹni tó yẹ kó darí wọn.

Inú mi ń dùn. Mo jókòó síbí, inú mi ń dùn sí i, bí ẹni ń lá oyin. Ẹ̀rù wá bà mí.

Nítorí kí ni yóò ṣe fún un? Kí n rò ó dáadáa. Tẹniọlá á fọwọ́ bo ẹnu, á ní, “Ah no. Ah, that's my bad, lads. Sorry.” Á tún un ṣe. Á jẹun ọ̀sán. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọmọ náà lè ṣìṣe lójú gbogbo ayé kó sì tún jẹun ọ̀sán, nítorí náà ló ṣe lè dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ tí mò ń pọ́n yìí kò ní gé e. Ọmọ Tallaght yẹn ló máa gé. Àti èmi, nítorí láràárọ̀ ni yóò máa tẹ orúnkún fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, “Ẹ káàárọ̀, Anti.”

Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ náà, mo sì fojú fò ó láàárọ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí: “Anti, please be wicked with it o. No mercy. You'll see what I can't see.” Mo rò pé ó ń fi ẹnu dídùn tàn mí ni. Bóyá ó mọ̀ pé òun ò mọ̀ ni.

Báwo ni mo sì ṣe rí i kíákíá bẹ́ẹ̀? Láàárọ̀, lórí ìdúró, kóòtù lọ́rùn. Mi ò ṣírò nǹkan kan. Mo kàn rí òdo kejì yẹn, mo sì mọ̀ pé yàrá kejì ni.

Ìyá àgbà ni.

Nítorí ìtàn yẹn ò parí síbẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ló wà ní agboolé yẹn. Ọkùnrin oníbírò náà lọ láti yàrá dé yàrá, ìyá kọ̀ọ̀kan sì dá a lóhùn bí ìyá àgbà ṣe dá a lóhùn: èyí ló ṣíwájú, èyí ló kẹ́yìn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó lọ bá bàbá àgbà lórí àga, ó ní, “Bàbá, àkọ́bí mẹ́rin lẹ ní.” Bàbá àgbà bi í pé dáwódù mẹ́rin nínú ilé kan, ṣé kí wọ́n pín òun sí mẹ́rin ni? Àkànbí ló ṣíwájú ní yàrá ìyá àgbà, ṣùgbọ́n òun ni ìkẹrin nínú ilé, kò sí ọmọ tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, bí ẹran bá délẹ̀, yàrá kọ́ là ń wò. Ọkùnrin náà fa gbogbo ìwé rẹ̀ ya, ó tún padà wá ní ọjọ́ kejì.

Tẹniọlá ò mọ ìyẹn. Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ilé wọn ní Mulhuddart kò ní yàrá ìyá kejì. Ìdajì ìtàn ló gbọ́. Mi ò parí rẹ̀ fún un, a ti dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo ní kó jẹ́ ká sáré wọlé.

Èyí wá ni tèmi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mẹ́ta, ibí nìkan ni mo ti mọ nǹkan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Kí ni mo sì fẹ́ fi ṣe? Mo fẹ́ panu mọ́. Ẹnu tí mo pa mọ́ lọ́jọ́ ìgbọ́kọ̀sí yẹn náà ni mo fẹ́ pa mọ́ lónìí, tí mo tún ń pè é ní ọgbọ́n. Mò ń sunkún pé wọ́n gba tèmi. Bí mi ò bá sọ èyí, kò sẹ́ni tó máa gbà á, kò sẹ́ni tó máa jí i. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo ní i.

Ó tún ń rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì. Ẹnìkan ń bi í ní ibi tí ṣúgà wà, ó ní ó wà nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù òkè yẹn, lápá òsì. Èmi ni mo fi hàn án lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé.

Owú náà ṣì wà. Mi ò ní purọ́, kò lọ síbì kankan, ó jókòó sí àyà mi níbí. Ọwọ́ mi ló kúrò lórí bọ́tìnnì. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, gbogbo wọn ló sì máa kà á, Juliana náà á kà á. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi nínú orí mi. Mo jẹ́ kó máa dún.

Aago mẹ́ta àbọ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi kọ ọ́ pé: Tẹniọlá, mi ò parí ìtàn yẹn fún ọ.